Òrùlé Ló Ń Jò, Garawa Ni Wọ́n Ń Rà: Ọ̀rọ̀ Ẹ̀yìn Manchester United

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Lọ́dọọdún, tí ọjà àwọn agbábọ́ọ̀lù bá ti ṣí ní Yúróòpù, orin kan náà ni àwọn olólùfẹ́ Manchester United máa ń kọ nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì wa: "Ọdún yìí, ẹ̀yìn wa ti dí. A ti ra ọkùnrin." Kí oṣù kẹwàá tó parí, ọkùnrin tí wọ́n fi ijó pàdé yẹn ti di ẹni èébú, wọ́n á sì ti máa ka orúkọ ẹlòmíì tí wọ́n fẹ́ rà ní oṣù kìíní.

Ó tó gẹ́ẹ́. Àwa tí a ń kọ èyí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ kan náà. Ọmọ United wà nínú wa, ọmọ Arsenal wà, ẹni tí kò ní ẹgbẹ́ kankan tó kàn fẹ́ràn àríyànjiyàn náà wà. Ṣùgbọ́n ẹnu wa kò lórí ọ̀rọ̀ kan: ẹ̀yìn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kì í ṣe ohun tí à ń rà. Ohun tí à ń kọ́ ni. À ń kọ́ ọ bí ilé, à ń kọ́ ọ bí ẹ̀kọ́. Ẹgbẹ́ tí kò bá kọ́ ọ, bó ra gbogbo ọkùnrin tó ń bẹ láyé, àwọ̀n rẹ̀ á máa mì ni.

Ẹ wo owó, ẹ wo èrè

Lọ́dún 2019, United san mílíọ̀nù 80 pọ́n-ùn fún Harry Maguire. Nígbà náà, kò tíì sí agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn kankan láyé tí wọ́n san tó bẹ́ẹ̀ lé lórí. Lọ́dún kan náà, wọ́n san nǹkan bíi mílíọ̀nù 50 fún Aaron Wan-Bissaka. Lọ́dún 2021, wọ́n lọ mú Raphaël Varane wá láti Real Madrid, ẹni tó ti gba Champions League lẹ́ẹ̀mẹrin, tó sì ti gba Ife Àgbáyé pẹ̀lú Faransé lọ́dún 2018. Lọ́dún 2022, Lisandro Martínez dé láti Ajax. Lọ́dún 2024, Leny Yoro, Matthijs de Ligt àti Noussair Mazraoui dé lẹ́ẹ̀kan náà. A ò tíì dárúkọ Eric Bailly àti Victor Lindelöf tí Mourinho rà ṣáájú gbogbo wọn.

Ilé tí wọ́n da irú búlọ́ọ̀kù báyìí sí yẹ kó ti di odi. Ẹ wá wo iye ayò tó wọlé wọn nínú Premier League. Ní sáà 2019–20, ayò 36. Ní 2020–21, ayò 44. Varane dé, ó di 57. Martínez dé, ó wálẹ̀ sí 43. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, tí Varane àti Martínez ṣì jọ wà níbẹ̀, ó fò sókè sí 58. Wọ́n tún ra ẹni mẹ́ta kún un, ó di 54, ẹgbẹ́ náà sì parí sáà 2024–25 sí ipò kẹẹ̀ẹ́dógún. Kàkà kéwé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i.

Ẹni tó bá lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mẹ́fà tí ara rẹ̀ ò yá, kò yẹ kó tún lọ ra ìkeje. Ó yẹ kó lọ ṣe àyẹ̀wò bóyá ibà gan-an ló ń ṣe é.

Ṣé àwọn tí wọ́n rà ni kò dáa ni?

Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń sọ nìyí: "Wọ́n kàn ń ra ọ̀lẹ ni." Ó dáa, ẹ jẹ́ ká gbé ẹni tí wọ́n bú jù lọ yẹ̀ wò. Èébú Maguire pọ̀ débi pé ó wọ Ilé Aṣòfin Ghana. Ní ìparí ọdún 2022, aṣòfin kan tó ń jẹ́ Isaac Adongo fi igbákejì ààrẹ wọn, Mahamudu Bawumia, wé Maguire, ẹni tí wọ́n ní kó wá ṣọ́ ilé tó wá di ewu fún ilé náà fúnra rẹ̀. Gbogbo ayé rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ọdún tó tẹ̀ lé e, aṣòfin náà padà tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Maguire nínú ilé kan náà, nítorí ọkùnrin náà ti ń gbá bọ́ọ̀lù tó dáa.

Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín gbàgbé rèé. Ní ìdíje Euro 2020, tí wọ́n gbá ní àárín ọdún 2021, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méje ni England gbá, ayò méjì péré ló wọlé wọn. Maguire kò kópa nínú méjì àkọ́kọ́ nítorí ìfarapa, ṣùgbọ́n nígbà tó wọlé, ó ṣe é débi pé UEFA mú un sínú ikọ̀ àwọn tó dáńgájíá jù lọ nínú ìdíje náà. Luke Shaw, ọmọ United bíi tirẹ̀, ló wà lápá òsì, òun ló sì gbá ayò England wọlé Italy nínú àṣekágbá.

Àwọn méjèèjì padà sí Old Trafford. Varane ti wá kún wọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, Liverpool wá gbá ayò márùn-ún sí odo wọlé wọn nínú ilé wọn. Ní oṣù kọkànlá, Watford gbá mẹ́rin sí ẹyọ kan, wọ́n sì lé Ole Gunnar Solskjaer lọ. Ẹsẹ̀ kan náà ni Maguire fi gbá bọ́ọ̀lù fún England, orí kan náà ló fi kan án. Kí ló yí padà láàárín oṣù mẹ́rin? Ilé tó ń gbé ni.

Bẹ́ẹ̀ sì ni tẹni tó jáde kúrò níbẹ̀. Chris Smalling tí wọ́n ní kò mọ bọ́ọ̀lù fún lọ sí Roma, ó gba ife Conference League lọ́dún 2022, Feyenoord kò sì rí àwọ̀n wọn nínú àṣekágbá. Scott McTominay tí wọ́n tà fún Napoli lọ́dún 2024 gba líìgì Italy ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀, wọ́n sì fi í ṣe agbábọ́ọ̀lù tó peregedé jù lọ nínú líìgì náà. Tí ẹja bá ń kú nínú odò kan, tó ń yè nígbà tí wọ́n bá gbé e lọ sódò mìíràn, ṣé ẹja la máa bú?

Yàrà ló ṣáájú odi

Èdè wa pàápàá máa ń tàn wá jẹ lórí ọ̀rọ̀ yìí. À ń pè é ní "ẹ̀yìn", a wá rò pé àwọn mẹ́rin tó wà lẹ́yìn ló ni ín. Àwọn baba wa tó kọ́ ìlú kò ronú báyẹn. Ẹ lọ wo bí wọ́n ṣe dáàbò bo ìlú láyé ogun. Ẹ wo Ẹrẹdò Súngbọ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Wọn kì í mọ odi lásán. Yàrà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wà, iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n bá sì wà jáde nínú yàrà yẹn ni wọ́n fi ń mọ odi. Iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì. Ọ̀tá tó bá ń bọ̀, alóre á ti rí i lókèèrè. Tó bá dé yàrà, á kọ́kọ́ já sínú rẹ̀. Kó tó gun òkè dé ìdí odi, ó ti rẹ̀ ẹ́, ọfà sì ti ń dúró dè é.

Bọ́ọ̀lù òde òní kò yàtọ̀ sí èyí. Atamátàsé ni alóre. Òun ló yẹ kó kọ́kọ́ dí ọ̀nà mọ́ ẹni tó fẹ́ gbé bọ́ọ̀lù jáde. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Àwọn tó wà ní àárín ni yàrà. Àwọn ni wọ́n máa ń sọ ọ̀tá di aláàárẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ odi. Tí alóre bá sùn, tí yàrà sì kún fún ilẹ̀, kò sí ògiri mílíọ̀nù 80 tó lè dá ogun dúró.

Ohun tó ń ṣe United nìyẹn. Ní ọdún 2021 tí wọ́n ra Varane, ọdún náà ni Cristiano Ronaldo padà dé, ẹni ọdún 36. A ò ní parọ́ mọ́ ọn, ayò 18 ló gbá wọlé nínú líìgì ní sáà yẹn. Ṣùgbọ́n iwájú wá di ẹnu ọ̀nà tí kò ní ìlẹ̀kùn. Bọ́ọ̀lù á kọjá lára àwọn iwájú láìsí wàhálà, Fred àti McTominay á máa sá káàkiri bí ajá ọdẹ tó pàdánù olówó rẹ̀, Maguire á sì bá ara rẹ̀ lójú kojú pẹ̀lú ọmọ tó ń sáré bí ẹtu. Ta ni gbogbo wa á bú? Ẹni tí a rí kẹ́yìn nínú àwòrán ayò náà ni.

Ní sáà 2023–24, àrùn náà gba ọ̀nà mìíràn yọ. Erik ten Hag ní kí àwọn iwájú sáré lọ dí àlejò mọ́lẹ̀ lókè. Wọ́n sáré lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀yìn ò tẹ̀ lé wọn, ẹ̀rù bọ́ọ̀lù tó lè kọjá sẹ́yìn wọn ń bà wọ́n. Àárín wá ṣófo bí ọjà tó ti tú, Casemiro tó ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún nìkan ló sì ń dá ṣọ́ gbogbo ibẹ̀. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Nínú ìpele àkọ́kọ́ Champions League, ayò 15 wọlé wọn nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́fà péré, àwọn ni wọ́n sì gbé ìsàlẹ̀ ìsọ̀rí wọn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n ń na Chelsea ní mẹ́ta sí méjì títí di ìṣẹ́jú 99, wọ́n sì pàdánù ní mẹ́rin sí mẹ́ta. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Casemiro fúnra rẹ̀ àti Jonny Evans, ẹni ọdún 36, ni wọ́n fi ṣọ́ àárín ẹ̀yìn níwájú Crystal Palace. Mẹ́rin sí odo.

Aṣọ kan, aránṣọ mẹ́fà

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ta ló fẹ́ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa rìn pọ̀? Láti ìgbà tí Bàbá Ferguson ti fẹ̀yìn tì lọ́dún 2013, Moyes dé, ó lọ. Van Gaal dé, ó lọ. Mourinho, Solskjaer, Ten Hag, Amorim. Akọ́nimọ̀ọ́gbá mẹ́fà láàárín ọdún méjìlá, láìka àwọn adelé. Èyí fẹ́ kí wọ́n dúró sẹ́yìn, èyí fẹ́ kí wọ́n sáré síwájú. Èyí fẹ́ ẹni tó lè gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ọ̀tá, ó ra Wan-Bissaka. Èyí tó tẹ̀ lé e fẹ́ ẹni tó lè fi bọ́ọ̀lù ṣọwọ́, wọ́n sì ta Wan-Bissaka. David de Gea gba ìbọ̀wọ́ wúrà Premier League ní sáà 2022–23, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 17 ni àwọ̀n rẹ̀ kò mì, ní àárín ọdún yẹn náà ni wọ́n jẹ́ kó lọ, wọ́n sì ra André Onana nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀. Amorim tún dé ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ó ní ẹni mẹ́ta ni kó máa wà lẹ́yìn, àwọn tí wọ́n rà láti gbá mẹ́rin sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ láti á, bí, dí. Aṣọ tí aránṣọ mẹ́fà bá gé, tí kálukú wọn ń fi ìwọ̀n tirẹ̀ gé e, kò sí ọrùn tó máa bá mu.

Ẹ̀rí tó dùn mọ́ wa jù wà nínú ilé wọn níbẹ̀. Ní sáà 2017–18, ayò 28 péré ló wọlé United, wọ́n sì parí sí ipò kejì. Àwọn wo ló wà lẹ́yìn? Smalling àti Phil Jones tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ashley Young àti Antonio Valencia, tí wọ́n jẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìyẹ́ iwájú tẹ́lẹ̀ rí. Lóòótọ́, De Gea ṣe gudugudu méje. Ṣùgbọ́n Nemanja Matić wà níwájú wọn bíi yàrà, olúkúlùkù sì mọ ibi tó yẹ kó dúró. Ẹni tó bá bínú sí bí Mourinho ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù lè bínú, àmọ́ kó má sọ pé owó ló mọ ògiri yẹn.

Ṣé ti ayé Bàbá Ferguson ńkọ́? Owó ńlá, nǹkan bíi mílíọ̀nù 30, ni wọ́n san fún Rio Ferdinand lọ́dún 2002, a gbà. Ṣùgbọ́n Nemanja Vidić kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 7 lọ, Patrice Evra kò tó mílíọ̀nù 6. Ní oṣù kìíní ọdún 2006 tí àwọn méjèèjì dé, ojú wọn rí màbo. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́ tí Evra gbá, Manchester City nà wọ́n ní mẹ́ta sí ẹyọ kan, ìdajì ni wọ́n sì ti yọ ọ́. Tó bá jẹ́ lóde òní ni, kí ilẹ̀ tó mọ́, àwa náà á ti kọ orin mọ́ ọn. Bàbá kò lọ ra ẹlòmíì. Wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n mọ ara wọn. Ní sáà 2008–09, Edwin van der Sar lo ìṣẹ́jú 1,311 nínú líìgì láìjẹ́ kí bọ́ọ̀lù wọlé, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 14 sì tẹ̀ léra wọn láìsí ayò kankan.

Van Dijk ńkọ́?

A mọ̀ pé ẹ ti ń dúró síbí. "Ṣebí Liverpool ra Virgil van Dijk ní mílíọ̀nù 75, tí ẹ̀yìn wọn sì dí?" Òótọ́ ni pé ayò 38 ló wọlé Liverpool ní sáà 2017–18, tó sì wálẹ̀ sí 22 ní sáà tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n nígbà tí Van Dijk dé ní oṣù kìíní ọdún 2018, Jürgen Klopp ti lo ọdún méjì àti oṣù díẹ̀ tó ń kọ́ àwọn iwájú bí wọ́n ṣe ń lé bọ́ọ̀lù. Wọ́n tún ra Alisson láti ṣọ́lé, wọ́n sì ra Fabinho fún àárín. Ìlẹ̀kùn ni Van Dijk, ilé ti wà kó tó dé.

Ẹ sì wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìlẹ̀kùn náà ya. Ní sáà 2020–21, Van Dijk farapa ní oṣù kẹwàá, kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́ títí sáà fi parí. Joe Gomez àti Joël Matip náà farapa. Nat Phillips àti Rhys Williams, tí ọ̀pọ̀ wa ò gbọ́ orúkọ wọn rí, ló ṣọ́ ẹ̀yìn ní ìparí sáà náà. Liverpool parí sí ipò kẹta. Ayò 42 ló wọlé wọn. United tó ní Maguire mílíọ̀nù 80 jẹ 44 ní sáà kan náà. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi ìfarapa ṣe àwáwí fún United, kó wá sọ fún wa ìdí tí ìfarapa Liverpool kò fi wó ilé wọn.

Àwọn ọmọ United inú wa ní ká má mẹ́nu ba Arsenal, ṣùgbọ́n òótọ́ kò ní pamọ́. Ayò 48 wọlé Arsenal ní 2021–22, ó di 43, ó sì di 29 ní 2023–24. Mikel Arteta parí sí ipò kẹjọ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, wọn ò lé e. Ọdún 2019 ni wọ́n ra William Saliba, ọdún 2022 ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá líìgì fún wọn. Òun àti Gabriel jọ ń rìn títí wọ́n fi mọ ìrìn ara wọn, Declan Rice sì wá di yàrà níwájú wọn lọ́dún 2023.

Kí ló kàn wá níbẹ̀?

Ẹnìkan lè ní eré lásán ni. Owó wa wà níbẹ̀, ẹ̀yin ará. Owó ìwòran tí à ń san lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, owó jẹ́sì tí orúkọ ẹni tí wọ́n máa tà lọ́dún tó ń bọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn wá jù ni pé irọ́ kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí gbogbo wa ń ràn lọ́wọ́. Rírà rọrùn ju kíkọ́ lọ. Tí wọ́n bá ra ọkùnrin, àwòrán rẹ̀ á jáde, a óò jó, àwọn alákòóso á sinmi. Kò sí ẹni tó ń ya àwòrán àárọ̀ ọjọ́ Tuesday tí àwọn mẹ́wàá ń kọ́ bí wọ́n ṣe máa tẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Tí nǹkan bá wá bàjẹ́, ẹni tí wọ́n rà náà ló máa gbé ẹ̀bi lọ. Àwọn tó yan akọ́nimọ̀ọ́gbá mẹ́fà kò ní jẹ́ ẹnì kankan ní àlàyé. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ṣùgbọ́n àwa tí à ń wòran là ń pọ́n àdá fún wọn.

Ní àárín ọdún 2025, wọ́n tún ná ohun tó lé ní mílíọ̀nù 190 pọ́n-ùn lórí Matheus Cunha, Bryan Mbeumo àti Benjamin Šeško. Iwájú ni gbogbo wọn. Wọn ò ra ẹnì kankan fún àárín. Yàrà ṣì kún bó ṣe kún.

Ohun tí ó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ràn ẹgbẹ́ yìí máa béèrè kò pọ̀. Kí wọ́n mú ọ̀nà ìgbábọ́ọ̀lù kan, kí wọ́n dúró tì í kọjá sáà kan. Kí wọ́n ra ẹni tó máa dáàbò bo àárín kí wọ́n tó ra orúkọ ńlá míì fún ẹ̀yìn. Kí wọ́n yan ẹni méjì, kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n jọ ṣubú, kí wọ́n jọ dìde. Kí ẹni tó wà níwájú mọ̀ pé òun náà ń ṣọ́lé. Bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀, owó kì í sì í pa ẹnu ògiri dé, amọ̀ àti ọwọ́ ni.

Ẹni tó bá ní irọ́ la pa, kó dárúkọ agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn ẹyọ kan tí United fi owó ńlá rà láti 2013, tó dáa lẹ́yìn tó dé ju bó ṣe wà kó tó dé lọ. À ń dúró.